Lábù Mi ní Ìlú Òyìnbó

Irọ́ tí mo pa fún ìyá mi, òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó tú nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ìlú yìí ni wọ́n pè mí láti Inísà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo ń da nǹkan olómi kan yí etí àwo náà po. Màámi ní ṣé mo ti ríṣẹ́. Mo ní mo ti rí i. Wọ́n ní irú iṣẹ́ wo. Mo wo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé áṣíìdì ni. Mo wo ìgò kejì tó wà nínú korobá, èyí tí a fi ń bó ọ̀rá kúrò lára ààrò ìdáná. Béèsì líle ni ìyẹn.

"Kẹ́mísírì náà ni, Màámi," ni mo wí. "Áṣíìdì àti béèsì ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Ẹ sọ fún mi, irọ́ dà níbẹ̀?

Màámi kígbe "Jésù ṣeun!" tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé fóònù kúrò létí. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n dìde dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní ọmọ àwọn wà ní lábù lọ́dọ̀ òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà gun ọ̀kadà. Nígbà tí yóò fi dé Ìkìrun, mo ti di ọ̀gá lábù. Nígbà tí ó gba ọ̀nà kejì dé Òkukù, èmi ni mo ń po oògùn tí gbogbo òyìnbó ń lò. Mo gbọ́ pé bàbá kan tilẹ̀ ní kí wọ́n bá òun bi mí bóyá mo ní èyí tó dára fún orúnkún.

N kò tún un ṣe. Ojú ló ń tì mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ínísà. Bí mo bá ń kọjá, àwọn òbí á dúró, wọ́n á ní, "Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o." Níbí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń fọ ilé, mo ń yí ibùsùn, mo sì ń wẹ àwọn arúgbó. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe kó o lé orí ìdùnnú Màámi, nígbà tí wọ́n ti jó o yípo ṣọ́ọ̀ṣì?

Omi ló kọ́kọ́ bá mi jà níbí, kì í ṣe òtútù. Òtútù, wọ́n ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé omi ìlú yìí le. Mo fi ọṣẹ dúdú tí mo gbé láti ilé ra kànrìnkàn, mo fi ra, mo tún fi ra, ọṣẹ kọ̀ kò hó. Mo rò pé wọ́n ti fi nǹkan ṣe mí. Ìgbà tí mo rí inú kẹ́tùlù ilé iṣẹ́ wa ni ojú mi là. Èépá funfun ti bo inú rẹ̀ bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Ọ̀gá wa obìnrin ti fẹ́ jù ú nù.

Mo ní kí wọ́n fún mi. Mo da ọtí kíkan sí i. Ṣìì! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó ní àìmọye ìgbà pé bí áṣíìdì bá pàdé irú nǹkan bí ẹfun, gáàsì á jáde, ẹfun náà á sì yọ́. Ṣùgbọ́n n kò rí i rí kí ó hó tó bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn áṣíìdì tí ìjọba kó fún ilé ẹ̀kọ́ wa ti dàgbà ju èmi tí mò ń fi wọ́n kọ́ni lọ. Ní ọjọ́ kejì kẹ́tùlù ń dán. Ọ̀gá wa pe àwọn ènìyàn wá wò ó. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé lọ́jọ́ náà.

Ìṣẹ́gun mi kejì wáyé nígbà tí ọkùnrin kan tí a jọ ń fọ ilé fẹ́ da bílíìṣì lé orí áṣíìdì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní kí ó lè yára mọ́. Gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ lè sé ènìyàn ní èémí. Gẹ̀ẹ́sì sá kúrò lẹ́nu mi. Mo ké, "Má dà á pọ̀! Má dà á o!" Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó fi ìgò sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó àwọn ìgò náà sí.

Kò sí ẹni tí mo lè sọ ìwọ̀nyí fún. Ẹ̀dùn mi nìyẹn. N'Ínísà, láti ilé wa dé títì, ènìyàn mẹ́wàá ló máa kí ọ, márùn-ún á bèèrè ìyá rẹ, ẹnì kan á bèèrè ìgbà tí o máa ṣe ìgbéyàwó. A máa ń kùn nípa rẹ̀. Mo dé ìlú yìí, mo kí ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Ní ọjọ́ tí n kò níṣẹ́, mo lè ṣe é láti òwúrọ̀ dalẹ́ kí n má gbọ́ ohùn ara mi. Ohùn Màámi lórí fóònù ni mo fi ń mọ̀ pé mo ṣì wà. Báwo wá ni n ó ṣe fi ẹnu ara mi ba ohùn náà jẹ́?

Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ìwọ̀n tí a fi ń mọ áṣíìdì àti béèsì bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó lọ dé mẹ́rìnlá. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kan, èyí tó wà lókè ń bó ara. Omi wà láàárín ní méje, kò ṣe tibí, kò ṣe tọ̀hún. Ní ilé, wọ́n ní mo ti di òyìnbó. Níbí, ẹni tí mo bá pàdé ń bi mí pé níbo ni mo ti wá gan-an. Ibi méje yẹn ni mo wà. Kì í ro ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í dùn náà.

Ní oṣù kẹjọ tí mo ti wà níbí, Màámi pè mí, ohùn wọn ń fò. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ. Ẹ̀yìn ilé wa n'Ínísà ni wọ́n ti ń jó èèpo kòkó di eérú, wọ́n á kó eérú sínú ajere, wọ́n á rọ omi sí i lórí, omi náà á máa kán wọ́ọ́wọ́ọ́ sí ìsàlẹ̀, òun ni wọ́n á sì fi àdín sè títí yóò fi di ọṣẹ. Omi eérú yẹn, béèsì ni. Bí ó bá le jù, ọṣẹ á jẹ ara. Bí kò bá le tó, ọṣẹ ò ní dì. Màámi kò ní ìwọ̀n kankan ju ahọ́n wọn lọ. Wọ́n á ki ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á fi kan ṣóńṣó ahọ́n, wọ́n á dijú díẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ti tó," tàbí "Ẹ bu omi sí i." Èmi tísà kẹ́mísírì á dúró ti wọn, n kò lè bá wọn jiyàn, torí wọn kì í ṣì í.

"Obìnrin kan ló ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọmọ tuntun l'Ókukù," ni Màámi wí. "Ó fẹ́ máa kó ọṣẹ mi fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Kì í ṣe kékeré o! Ó ní ṣùgbọ́n òun fẹ́ rí ìwé pé ọṣẹ náà dára fún awọ ọmọ. Mo ní, 'Ìwé? Ọmọ mi wà ní lábù.'"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn kò gbà fún mi.

"Ọmọ ìjọ wa kan tó ń gbé n'Íkìrun ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Mo ti fi ọṣẹ rán an. Ìwọ ṣáà gbé e fún ọ̀gá ẹ, kí ó wò ó, kí ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn fún ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi," ni ẹnu mi wí.

Ọṣẹ náà dé nínú ọ̀rá dúdú. Mo tú u, mo gbóòórùn rẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún láàárín ibùdókọ̀. Bí mo ṣe délé ni mo bọ́ sí balùwẹ̀. Kí n tó ṣan ara mi tán, abíyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni fi ata rà á. Ó pupa, ó ń jó. Mo rò pé ọṣẹ náà ti bàjẹ́ lọ́nà. Mo lọ wá èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹrù mi, èyí tí èmi fúnra mi gbé wá, mo fi fọ apá òdìkejì. Kò ta mí rárá.

Nígbà náà ni ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi ọṣẹ yìí wẹ̀ l'Ókukù.

Ẹni kan ṣoṣo tí mo lè bá sọ ọ́ ni Dẹ́lróì. Òun ló ń dáná fún àwọn arúgbó ilé wa, ará Jàmáíkà ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì fẹ́ràn àwàdà ju ìsinmi lọ. Mo ní kí ó fún mi ní kábéèjì aláwọ̀ àlùkò. Mo gé e, mo sè é, omi rẹ̀ di àwọ̀ àlùkò; omi yìí máa ń yí àwọ̀ padà bí ó bá pàdé áṣíìdì tàbí béèsì. Mo pín in sí kọ́ọ̀bù mẹ́ta. Mo fún ọsàn kíkan sí àkọ́kọ́, ó pupa yòò: áṣíìdì. Mo yọ́ ọṣẹ mi àtijọ́ sí èkejì, ó di àwọ̀ aró tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, bó ṣe yẹ kí ọṣẹ rí. Mo yọ́ ọṣẹ tuntun sí ẹ̀kẹta. Ó di àwọ̀ ewé, ó ń lọ, ó ń lọ, ó fi di àwọ̀ ewé gbígbẹ.

"Ìyẹn dára àbí kò dára?" ni Dẹ́lróì bèèrè.

"Kò dára. Èyí lè fọ ààrò rẹ."

Mo jókòó sórí àpótí mílíìkì, mo ń rò ó. Bí mo bá sọ fún Màámi pé kò sí lábù, pé arúgbó ni mò ń wẹ̀, ta ló máa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nípa ọṣẹ tí wọ́n ti ń sè kí wọ́n tó bí mi? Ọṣẹ á lọ sí Òkukù. Bí n kò bá sì sọ ọ́, ìwé wo ni n ó fi dá a dúró? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà náà, mo wà lórí àpótí mílíìkì.

Dẹ́lróì ló mú pòtétò wá. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, pòtétò ni àwọn fi ń ṣe òǹtẹ̀. Mo ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, mo sì gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbẹ́ "LAB" sójú pòtétò dáadáa, mo tì í bọ omi bíìtìrúùtù, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Gbogbo lẹ́tà kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́nu iṣẹ́ tísà, mo gbàgbé pé òǹtẹ̀ a máa yí ọ̀rọ̀ padà! Dẹ́lróì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. A ba pòtétò mẹ́ta jẹ́ kí ó tó gún. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sórí ìwé náà pé ọṣẹ yìí le jù, kí ẹnikẹ́ni má fi kan ara ọmọ. Mo tẹ òǹtẹ̀ sí i, mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́.

Mo rò pé ó tán. Màámi pè mí kí n tó fọ ọ̀bẹ.

"Mo rí ìwé yín. Ìyá Dámilọ́lá kà á fún mi." Ìyá Dámilọ́lá ni aládùúgbò wọn, ó ń ṣe sóbò tà, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. "Sọ fún ọ̀gá ẹ pé kí ó lọ tún un wò. Ọṣẹ tèmi? Ọṣẹ tí mo fi wẹ ìwọ?"

"Màámi, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ."

"Kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú mi. Ní Sátidé, fún mi ní ọ̀gá ẹ lórí fídíò."

Mo sọ fún Dẹ́lróì pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí fèrèsé. Aṣọ funfun ni àwọn alásè ń wọ̀ níbí, bọ́tìnnì rẹ̀ méjì-méjì. Ó tún bọ́tìnnì rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ọ̀gá lábù kọ́ nìyí?"

Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ní ọ̀sán Sátidé, mo to àwọn ìgò ọtí kíkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé omi kábéèjì ka orí tábìlì, mo fi bírò mẹ́rin sí àpò àyà rẹ̀. Mo bọ́ ẹ́púrọ́ọ̀nù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màámi yọ lójú fóònù, wọ́n wé gèlè tí wọ́n máa ń wé lọ sí ìsìn ìkórè. Wọ́n jókòó ṣánṣán. Ìyá Dámilọ́lá ló gbé fóònù dání, òun náà ni ògbufọ̀.

Màámi kọ́kọ́ gbàdúrà fún Dẹ́lróì. Wọ́n gbàdúrà fún ilé rẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ní Olúwa kò ní jẹ́ kí iná lábù jó o. Dẹ́lróì ń ṣe àmín, ó ń tẹrí ba. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

"Ẹ bá mi bi í pé kí ni ọṣẹ mi ṣe."

Dẹ́lróì ní, "Ó le jù, Mama."

"Báwo ló ṣe mọ̀? Ṣé ó fi ahọ́n kàn án ni?"

Ìyá Dámilọ́lá túmọ̀ rẹ̀. Dẹ́lróì wò mí. Mo mi orí pé rárá, kò yé e. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Gbogbo ọjọ́ la ń fi ahọ́n kàn án."

Ojú Màámi yí padà. Wọ́n sún mọ́ fóònù, ọ̀wọ̀ wà lójú wọn. "Ẹ wò ó! Òun náà ń fi ahọ́n wọ̀n ọ́n! Onímọ̀ nìyí!" Inú mi dùn, mo rí i pé wọ́n ti fẹ́ gbà. Ìṣẹ́jú kan péré ló kù.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí. Màmá Dọ́rọ́tì wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ni, ọlọ́pàá kò lè dá a dúró bó bá ti di kẹ̀kẹ́ tó fi ń rìn mú. Táwẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sí mi, ó sọ̀rọ̀ sí Dẹ́lróì, ohùn rẹ̀ kún gbogbo yàrá. Ìyá Dámilọ́lá, tí wọ́n ti sọ di ògbufọ̀, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

"Màmá òyìnbó kan ló wọlé, mà. Wọ́n ní àkókò tí ọmọ yín máa ń wẹ àwọn ti kọjá, pé kí ló ń ṣe é lónìí. Wọ́n tún ní kí ọ̀gá lábù sọ ibi tí kọ́sítáàdì àwọn wà."

Dẹ́lróì rọra yọ bírò kúrò lápò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ọdún kan. Mo gbé fóònù, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Màámi, kò sí lábù," ni mo wí. "Kò sí i rí. Arúgbó ni mò ń tọ́jú. Mò ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ẹni yẹn, alásè wa ni. Ẹ má bínú."

Màámi ń wò mí. N kò lè ka ojú wọn. "Ìwé yẹn ńkọ́?"

"Irọ́ ni òǹtẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Màámi, ẹ má gba èmi gbọ́. Ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ìyá Dámilọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní sóbò tí ẹ kò tíì fi ṣúgà sí?"

Ó ní. Kò sígbà tí kò ní. Ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń sè é, kò yàtọ̀ sí kábéèjì mi; ó mọ áṣíìdì yàtọ̀ sí béèsì ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Mo ní kí ó bù ú sí abọ́ méjì funfun. Mo ní kí ó mú ẹ̀bù ọṣẹ Màámi tó ti pẹ́ nínú balùwẹ̀ rẹ̀, kí ó yọ́ ọ sí ọ̀kan. Sóbò náà ṣú, ó di àwọ̀ aró. Mo ní kí ó bu díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ti dì fún Òkukù sí èkejì.

"Yéè! Sóbò mi!" Ìyá Dámilọ́lá gbé abọ́ náà súnmọ́ fóònù. Ó ti di àwọ̀ ewé, ó sì ń ràn lọ sí àwọ̀ ìyeyè bí ewé tó fẹ́ já. "Mà, ẹ wo àwọ̀! Ọṣẹ kan náà kọ́ ni?"

Màámi wo abọ́ àkọ́kọ́, wọ́n wo èkejì. Wọ́n pẹ́ lórí èkejì. Wọ́n wá ní, "Ìyá Dámilọ́lá, bá mi lọ wò ó bóyá ewúrẹ́ ti wọ ẹ̀yìnkùlé." A kò ní ewúrẹ́. Ìyá Dámilọ́lá gbé fóònù ti ìgò, ó sì jáde.

"Kì í ṣe eérú," ni Màámi wí.

Mo gbé fóònù súnmọ́ ojú.

"Ìbàdí mi ò gbé e mọ́. Kí n jó kòkó, kí n ru eérú, kí n bẹ̀rẹ̀ sórí ajere látàárọ̀. Oṣù mẹ́rin nìyí. Kósítìkì ni mò ń rà n'Íkìrun, ìyẹ̀fun funfun kan báyìí. Mo ní eérú ni. Gbogbo wọn ni mo sọ fún pé eérú ni, títí dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Eérú, mo mọ bí n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Kósítìkì, ta ló jẹ́ fi ahọ́n kàn án? Mo kàn ń fojú bù ú ni."

"Ẹ̀yin náà, Màámi?"

"Èmi náà." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ìkòkò ọbẹ̀. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí ìyá àti ọmọ ń nu ojú, ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

"Ọṣẹ yẹn ò ní dé Òkukù," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "Màá sọ fún obìnrin yẹn pé lábù ò gbà á."

"Lábù wo, Màámi?"

"Lábù ẹ ni. Ṣé kí n wá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún gbogbo Òkukù lọ́jọ́ ogbó mi ni?"

Mo ní rárá o. Mo rò pé a ti parí, pé ẹ̀rín la máa fi sùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọn kò pa fóònù. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n gbé e ka orí itan. Irun wọn ti funfun ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

"Àwọn arúgbó yẹn, ṣé o máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ wo omi wọn?"

"Mo máa ń wò ó, Màámi."

"Ẹ̀yìn wọn ńkọ́? Ṣé o máa ń fọ̀ ọ́ dáadáa?"

"Mo máa ń fọ̀ ọ́."

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀yìn tèmi, ọwọ́ mi ò dé e mọ́."

Gbogbo nǹkan tí mo mọ̀, kò sí èyí tó wúlò níbẹ̀. Láti inú ilé, Màmá Dọ́rọ́tì tún fi ohùn rara pè mí. Màámi gbọ́ ọ, wọn kò sì nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn.

"Lọ dá wọn lóhùn," ni ìyá mi wí. "Omi wọn á ti máa tutù."